Bí Àkànó Ṣe Ṣẹ́gun Páìpù Ìlú Ọ̀pọ̀tọ́

Olúwa ọ̀run, là mí lóhùn kí n lè ki Àkànó Láníhùn bó ṣe yẹ kí á kì í: ọmọ a-wọ-kànga-bí-ẹni-wọ-yàrá, ọmọ bàbá tó ń gbẹ́lẹ̀ tí ilẹ̀ ń mì tìtì, ẹ̀gbọ́n erin, àna ẹfọ̀n, ọkùnrin tí òórùn rẹ̀ máa ń délé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé! Òun ni ìlú Ọ̀pọ̀tọ́ fi ṣe olùṣọ́ àwọn adágún tí omi ìdọ̀tí ìlú ń gbà kọjá, tí ẹrẹ̀ ń rì sísàlẹ̀ nínú èyí àkọ́kọ́, tí ojúoró ń fa ẹ̀gbin inú èyí tó tẹ̀lé e, títí omi yóò fi mọ́ kó tó ṣàn wọ odò.

Ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni páìpù ńlá tó ń gbé omi náà lọ sí adágún di pátápátá. Omi dúdú yí padà, ó ń ru gùdù bí ogun tó já odi, ó kọrí sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Adúràgbèmí, opó tó ti rẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ fún fùfú sínú àwọn àgbá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Bí omi yẹn bá dé ẹnu àgbá, làálàá ọdún kan ti wọgbó nìyẹn.

“Àkànó! Àbí o fẹ́ kí n máa ta fùfú olóòórùn ṣáláńgá ni?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Èmi ni mo wà níbí.”

“Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn.”

Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo akọni! Àkànó bọ́ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé rẹ̀, irú èyí tí òun nìkan ń wọ̀ nílùú, tí etí rẹ̀ kan ti ya. Ó gbàdúrà tó gùn ju páìpù lọ. Ó mú ọ̀pá oparun onírin kíkọ́ lórí, ó sì wọ inú kòtò ẹnu páìpù dé àyà. Páìpù kùn bí kìnnìún, òun náà kùn. Páìpù tutọ́ sí i lójú, ó pa ẹnu dé, nítorí jagunjagun tó mọ ohun tó ń bá jà ni. Ó gún un, ó yí i, ó fà á, ó tún fà á, iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn màlúù, àfi gbùlà! Ẹranko onírun dúdú kan yọ orí síta.

Kànìnkànìn ni. Kànìnkànìn gbogbo ìlú! Láyé àtijọ́, ẹni tó bá wẹ ìwẹ̀ ìparí ọdún lódò a jẹ́ kí omi gbé kànìnkànìn rẹ̀ lọ, kí ìṣòro ọdún náà lè bá a lọ. Nígbà tí balùwẹ̀ wá wọ inú ilé, gọ́tà ni wọ́n ń sọ ọ́ sí.

Omi já ṣòòròṣò lu adágún, ojúoró jó, àgbá fùfú kò rí ẹ̀kán kan. Àkànó gbé òkìtì náà sókè bí orí ọ̀tá.

“Láti òní lọ, èmi Àkànó, aṣẹ́gun-páìpù, mo pàṣẹ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ kànìnkànìn sí gọ́tà mọ́ láé!”

Ìyá Adúràgbèmí tẹjú mọ́ èyí tó wà lókè pátápátá, tí wọ́n fi àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé dì nídìí.

“Àkànó, ìṣòro ọdún tó kọjá mà ti padà wá kí ẹ o!”

Ọwọ́ akọni rọ wálẹ̀. Nígbà tó máa fi délé, ìyàwó rẹ̀ Fẹ̀hìntọ́lá, tí òórùn ti ròyìn fún, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tuntun.

“Bàbá Wúràọlá,” ó wí, “tí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá kànìnkànìn náà padà fún mi.”