Káfíńtà Tó Fi Ìrọ̀rí Ìyàwó Rẹ̀ Dí Páìpù Ẹja

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á wú. Káfíńtà kan ni, àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ òru ni ìyàwó ń ṣe, ojú ọ̀sán ló fi ń sùn. Ọkọ sì fẹ́ràn ẹja. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ o, èyí tí wọ́n ń wò!

Kábíyèsí ní kí ìyàwó rojọ́.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí o! Àpótí gíláàsì ńlá tí ọkọ mi ń sin ẹja sí wà ní pálọ̀, mi ò bá a jà. Ó ní ó ti tóbi jù, òun á ṣe kékeré. Mo ní ìyẹn dáa. Àfi bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé tí mo bá kékeré náà ní yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mò ń gbórí lé!"

"Kí ló wá fi ṣe ọ́?"

"Ariwo ni! Omi ń gba páìpù bọ́ sínú ike tó wà nísàlẹ̀, pọ́ǹpù á tún gbé e padà sókè. Páìpù yẹn á máa dún bí àgbàlagbà tó ń fa tíì gbígbóná mu. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Mo sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́, aláìsàn tó yẹ kí n máa ṣọ́ ló jí mi! Ọ̀gá wa ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí n máa lọ sílé."

"Háà!" ni gbogbo ìgbìmọ̀ ṣe.

Kábíyèsí yíjú sí káfíńtà. "Ìwọ ńkọ́?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Páìpù mi kì í pariwo tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ló ń hanrun, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ."

"Páìpù kọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun?"

"Nǹkan kékeré máa ń tètè mọ̀wé, Kábíyèsí."

Ẹ ò rí i pé àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé orí ló ń ṣe wọ́n.

"Ẹ bi í!" ni ìyàwó ké. "Kí ló fi ìrọ̀rí mi ṣe?"

Káfíńtà họ orí. "Ó ní òun fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, mo fún un. Nídìí iṣẹ́ tiwa, àga tó bá ń dún, ńṣe là ń ki nǹkan bọ ibi tó ti ń dún. Mo bá fa fóòmù inú ìrọ̀rí rẹ̀ yọ, mo kì í bọ páìpù. Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀!"

"Ibo wá ni omi gbà?"

"Ó gba orí bẹ́ẹ̀dì."

"Ta ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Èmi ni!" ni ìyàwó dáhùn. "Mò ń lálàá pé mò ń wẹ̀, àṣé mò ń wẹ̀ lóòótọ́. Ẹja kan ti wọ abíyá mi!"

"Ṣùgbọ́n omi yẹn ò pariwo," ni ọkọ fi kún un.

Wọ́n pe ìyá káfíńtà, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kó wá jẹ́rìí.

"Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ ariwo páìpù yẹn?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Ọmọ mi ò lè ṣe nǹkan aláriwo."

"Kí ló dé tí ẹ fi kó kúrò ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn?"

"Ta ló lè sùn níbẹ̀ pẹ̀lú ariwo yẹn?"

Wọ́n pe ọkùnrin tó ń ṣe páìpù omi.

"Kábíyèsí, afẹ́fẹ́ tí páìpù ń bá omi gbé mì ló ń dún. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń dín omi kù ló yẹ kó fi sí i, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi kún páìpù, tí afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun ò gbọ́ mi, pé páìpù ń pariwo."

Kábíyèsí dájọ́: "Bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ti rin gbindin. Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ ariwo, ẹ gbé tiyín fún un. Ẹ yọ pọ́ǹpù yẹn sọnù. Káfíńtà, ìwọ ni pọ́ǹpù báyìí! Nígbàkígbà tí ìyàwó rẹ bá ń sùn, kọ́ọ̀bù ni wàá fi máa bu omi láti ìsàlẹ̀ sókè, títí wọ́n á fi fi ẹ̀rọ yẹn sí i. Bó bá gbọ́ tó o ń kán omi sílẹ̀, wàá fi ṣíbí rọ́pò kọ́ọ̀bù."

Káfíńtà fò sókè, ó gbá oní-páìpù lọ́wọ́ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ fi í sí i báyìí!"

Ìyàwó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá.

"Kí wọ́n wá máa gé páìpù ní yàrá mi? Òní kọ́ o. Kí wọ́n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mò ń lọ sùn."