Ọkùnrin Méjì Tó Jẹ́ Ẹnì Kan

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo dìde láàárín àwọn èèyàn ní Màgbòrò, tí mo ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí mi ò kà.

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe, èmi ni mò ń fa iná sí àwọn ilé tuntun láti Ìbàfò dé Mòwé. Ilé Màmá Adébísí, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tí mo fi rí ìwé tó kún yàrá dé àjà. Mo ní èmi náà fẹ́ràn ìwé. Òótọ́ ni, àmọ́ ìwé pẹlẹbẹ ni mo ní lọ́kàn. Inú Màmá dùn, wọ́n fi mí sínú ẹgbẹ́ òǹkàwé tó ń pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n sì gbé ìwé ìtàn àwọn ará Rọ́ṣíà kan lé mi lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù.

Mo gbìyànjú. Mo ka ojú ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Orúkọ wọn gùn débi pé kí n tó pe ọ̀kan tán, mo ti gbàgbé ohun tí ẹni náà ṣe. Nígbà tó yá, mo gbé fáànù lé ìwé náà lórí, kí atẹ́gùn lè dé orí bẹ́ẹ̀dì mi.

Nígbà tó ku ọ̀la ká pàdé, Màmá pè mí lórí fóònù. "Àlàájà tó ni ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá jókòó tì wá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ káwọn ṣì máa yọ̀ǹda kíláàsì fún wa. Kó o sọ̀rọ̀ dáadáa o."

Ibi tó yẹ kí n ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà."

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìwé náà sú òun, pé ṣe làwọn èèyàn inú ẹ̀ kàn ń ronú, kò sẹ́ni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Bàbá kan ní ó dùn mọ́ òun, pé bí wọ́n ṣe ń jà nílé bàbá òun l'Ógbòmọ̀ṣọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Èmi ti he orúkọ ọkùnrin méjì nínú ọ̀rọ̀ wọn. Mo dìde.

"Ní tèmi," mo ní, "ìwà tí ọkùnrin àkọ́kọ́ yìí hù sí ìkejì ò dáa. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń jẹun, kò sì kí i rí."

Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ wọ́n lára, ni mo bá tẹ̀ síwájú. "Tó bá jẹ́ èmi ni ìkejì, màá ti kó kúrò nílé yẹn."

Nọ́ọ̀sì rọra ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹnì kan náà ni wọ́n. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ ń pè é nìkejì."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá na ọwọ́ gba ìwé mi. Àmì roboto ìdí fáànù ti tẹ̀ sára ẹ̀yìn ẹ̀. "Kí ló jókòó sórí èyí?"

"Fáànù ni, Mà." Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kà á tán. Ẹ má torí tèmi gba kíláàsì lọ́wọ́ ẹgbẹ́."

Àlàájà bo ẹnu. Ẹ̀rín ló ń pa wọ́n. Wọ́n ní, "Látìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ra ìwé yẹn. Orúkọ ló lé mi tí mi ò fi kà á tán. Ojú ń tì mí láti sọ."

Màmá ò bá mi wí. Wọ́n ní, "Kí ni ìyá ẹ ń pè ẹ́?" Mo sọ oríkì mi. "Ní mọ́ṣáláṣí ńkọ́?" Mo sọ ìyẹn náà. "Níbi iṣẹ́?"

"Wáyà ni wọ́n ń pè mí, Mà."

"Ṣé ẹ wá di mẹ́ta ni?" Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ gbogbo orúkọ inú ìwé náà sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n fi ìlà so èyí tó jẹ́ ti ẹnì kan pọ̀, bí mo ṣe máa ń ya ọ̀nà tí wáyà máa gbà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ta. Àlàájà náà da gbogbo ẹ̀ kọ sínú ìwé kékeré, wọ́n ní káwa ṣì máa lo kíláàsì náà, pé àwọn náà á máa wá.

Títí dòní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Tí mi ò bá ka ìwé kan báyìí, mo máa ń sọ pé mi ò kà á, kò sì tíì pa mí. Odindi àsìkò òjò kan ni mo fi ka ìwé ará Rọ́ṣíà yẹn tán. Ilé kan ní Mòwé ni mo ti parí ẹ̀, lásìkò ìsinmi, lórí àkàbà. Omi ń bọ́ lójú mi nígbà tí onílé wọlé.

"Ṣé iná gbé ẹ ni?"

"Rárá, sà. Ìwé ni."

Ó wò mí, ó wo ìwé, ó sì lọ pa iná gbogbo ilé náà.