Bí Akínrìnọlá Wolé-Wolé Ṣe Gba Àga Rẹ̀ Lọ́wọ́ Jákì

Akínrìnọlá, ọmọ-ọmọ Abógunrìn tó bá ogun lọ tí ó sì ṣáájú gbogbo jagunjagun yòókù padà wálé. Ọmọ Jòògún, baba tí í fi igbe kan ṣoṣo pa ìjà ìyàwó mẹ́ta, tí í sì í fi ìyókù ọjọ́ náà bẹ ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akínrìnọlá fúnra rẹ̀, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọ agboolé Ìbàdàn kiri nínú ṣòkòtò kakí, tó jẹ́ pé bí àwọn ìyá àgbà bá ti gbúròó bàtà rẹ̀, ṣe ni wọ́n á sáré lọ dé ìkòkò omi. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ gbọ́ iṣẹ́ akọni tí ọkùnrin yìí ṣe nínú pálọ̀ ara rẹ̀, láàárín fèrèsé àti tẹlifíṣọ̀n, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan.

Ọ̀tá tó dojú kọ ọ́ kì í ṣe kékeré. Jákì lorúkọ rẹ̀, ajá pupa tí etí rẹ̀ kan dúró tí èkejì sì wó lulẹ̀, tí Fèyíkẹ́mi ọmọ wọn fi síkàáwọ́ àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tó dé náà ló gun orí àga olórí ilé, àga onítìmùtìmù tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tí ẹnì kan ò jẹ́ dán jíjókòó sí i wò láti ogún ọdún. Akínrìnọlá pàṣẹ fún un kó dìde. Ajá náà wò ó, ó yán. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń bá àwọn arúfin sọ̀rọ̀ láyé iṣẹ́ bá a wí. Jákì kẹ̀yìn sí i. Nígbà náà ni akọni náà kọ òfin ilé sórí páálí, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ojú ajá lè tó o: èkíní, pé ẹnikẹ́ni tó bá jí gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí olórí ilé kó tó jẹun, èkejì, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga olórí ilé. Kó tó di ọ̀sán, Jákì ti jẹ òfin kejì, tòun ti páálí.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fèyíkẹ́mi, ní kóun fi eegun tan ajá náà sọ̀ kalẹ̀. Akínrìnọlá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò fún arúfin ní rìbá rí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún un. Ipò mọ́gàjí agboolé wọn ṣófo, àwọn àgbà sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wo bó ṣe ń ṣàkóso ilé rẹ̀, kí wọ́n tó yan Akínrìnọlá tàbí Láòyè àbúrò rẹ̀, ẹni tó ní àga mẹ́fà tí kò sì ní ajá. Ọdún mọ́kànlá ni Akínrìnọlá ti ń fojú sọ́nà fún ipò náà. Ẹ̀rù ń bà á. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá wọlé bá òun lórí àpótí ìjókòó, tí wọ́n bá ajá lórí àga, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Nígbà tí Sátidé mọ́, tí í ṣe ọjọ́ kẹjọ ogun náà, òye ńlá sọ sí i lọ́kàn. Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ti fi bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ han ajá yìí? Ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba, kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí òfin tí kò kọ́kọ́ là yé e. Ló bá ṣẹ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó na gbọọrọ sílẹ̀ níwájú àga, àyà rẹ̀ kan síméǹtì, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún Jákì pé báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Jákì ń wò ó láti òkè. Ó dìde, ó tún un ṣe. Ìgbà kẹta ló wà nílẹ̀ tí ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn rẹ̀, tí Bàbá Sùbérù, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, wọlé pẹ̀lú àgbà méjì mìíràn.

Ìyá Fèyíkẹ́mi sáré jáde láti ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀, ó ní ọkọ òun gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn ni, àwọn ló ń kí.

"Ìyàwó wa," ni Bàbá Sùbérù wí, "àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Jákì fi sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ orí Akínrìnọlá kọjá, ó rìn títí dé iwájú Bàbá Sùbérù, ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó sì tẹ àyà mọ́lẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Àwọn elénìní kan ń sọ pé ó ti sùn pẹ́ jù ni, pé ṣe ló ń na ara. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ojú bàbá náà rọ̀, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ tirẹ̀, láti inú mọ́tò ni wọ́n ti ń juwọ́ sí i. Ó béèrè ẹni tó kọ́ ajá náà.

"Bàbá Fèyíkẹ́mi ni," ni ìyàwó wí. "Láti àárọ̀ ló ti ń kọ́ ọ."

Akínrìnọlá gbé orí sókè. Àga ṣófo! Ó fò dìde, agbádá kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kò wẹ̀yìn, ó jókòó. Tìmùtìmù náà ṣì gbóná. Ó jókòó níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi ka ení dé ẹ̀jọ, inú rẹ̀ sì dùn dé ibi tí kò lè sọ.

Lẹ́yìn náà ló rí i pé àgbà mẹ́ta wà lóòró, òun sì wà ní ìjókòó. Bóun bá dìde kí wọn, Jákì á padà. Ajá náà ti ń wo àga ọ̀hún báyìí. Akínrìnọlá wo Jákì, ó wo bàbá náà. Ó dìde. Ó di Bàbá Sùbérù lápá mú, ó fi í jókòó sórí àga, ó wá dọ̀bálẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú orí níbi tó yẹ kí orí wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá.

Bàbá Sùbérù wo àwọn méjèèjì nílẹ̀.

"A dé ọ̀dọ̀ Láòyè lánàá," ló wí. "Kò dìde fún wa. Mọ́gàjí, dìde ńlẹ̀."

Nítorí náà, kí tọmọdé tàgbà Ìbàdàn gbọ́, kí ẹni tó wà lóko fi tó ẹni tó wà lódò létí, pé Mọ́gàjí Akínrìnọlá, ọmọ Jòògún, ọmọ-ọmọ Abógunrìn, amú-ìyá-àgbà-dé-ìkòkò-omi, dojú kọ ajá fún ọjọ́ mẹ́jọ láìfún un ní rìbá, ó sì jókòó sórí àga ara rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Bí ẹ bá yà kí i lónìí, orí àpótí lẹ ó ti bá a. Jákì ló wà lórí àga. Mọ́gàjí ló fún un láàyè.