Ọ̀pẹ Òyìnbó Mẹ́fà Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ẹ̀bùn Lọ́wọ́ Ọmọ-ọmọ Mi

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì níbí ní Abidjan, ọgọ́rùn-ún fráǹkì la fi ń wọ sinimá ní Treichville. Bí a bá jáde, àádọ́ta fráǹkì ń ra àlòkó, ìyẹn dòdò, tó kún ìwé, tòun ti ẹja díndín lórí rẹ̀. Lónìí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún fráǹkì ni wọ́n ń gbà kí ènìyàn tó jókòó sínú gbọ̀ngàn tí òtútù rẹ̀ ń wọ egungun, àlòkó sì ti di ohun tí wọ́n ń kà fúnni ní ẹyọ ẹyọ. Mi ò ráhùn. Ọ̀sẹ̀ kan wà lọ́dún méjì sẹ́yìn tí mo fi tayọ̀tayọ̀ san owó ọ̀hún, ọ̀sẹ̀ náà ò sì ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi sin.

Láyé yunifásítì yẹn, a jẹ́ ọ̀rẹ́ márùn-ún tí sinimá ń pa bí ọtí. Rẹmí, ọ̀kan nínú wa, ní kámẹ́rà kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà bọ̀ láti Faransé. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi la fi ń ya ara wa. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Boribana, a ó ṣe bí olè, a ó ṣe bí ọlọ́pàá, a ó já sómi, a ó tún un yà. A ò parí fíìmù náà. Oníkálukú wá iṣẹ́ lọ, fíìmù sì sùn sínú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn mi títí irun mi fi funfun.

Ọmọ-ọmọ mi Ṣadé ló tú u jáde. Ọmọ yìí ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ àwòrán. Ó da àwòrán wa pọ̀ mọ́ ohùn mi, ó fi ṣe fíìmù ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì gbà á wọlé sí ìdíje fíìmù kúkúrú ní fẹ́sítífààlì kan fún àwọn tó ń fi owó àpò ara wọn ya sinimá. Kì í ṣe eré fún un. Ó ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ nítorí kámẹ́rà. Ìyá rẹ̀, ìyẹn ọmọ mi obìnrin, sì ti sọ fún un pé bó bá bọ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kó padà sídìí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní yóò rí owó gbà láti fi ya fíìmù mìíràn.

Ọjọ́rú ni wọ́n fi tiwa hàn. Nígbà tí iná tàn, ààrẹ àwọn adájọ́, obìnrin gíga kan tó wá láti Ouagadougou, dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó wá di ọwọ́ mi mú níṣojú gbogbo ènìyàn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ tọ́jú agolo yẹn."

Mo bi í pé òtẹ́ẹ̀lì wo ló wọ̀ sí. Ó sọ ọ́, kò fura. Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ irú ilé tí mo ti wá. Akọ̀wé ìjọba láti Àjàṣẹ́ ni bàbá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe wá lóore, oòrùn ọjọ́ kejì ò gbọdọ̀ gbóná kí a tó lọ sọ pé "ẹ ṣé àná." Ẹni tó yá bàbá mi ní agbòjò lásán, a ó jí lọ kí i. Mo pe Mátíásì lórí fóònù, ọ̀kan nínú àwa márùn-ún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Koumassi Remblais.

Mo ní, "Mátíásì, ààrẹ àwọn adájọ́ yìn wá lójú gbogbo ayé."

"O ti lọ kí i?"

"Ó di àárọ̀ ọ̀la."

"Ṣé ọwọ́ òfo lo fẹ́ gbé lọ? Ìwọ ọmọ akọ̀wé."

Bí ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́fà ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ìyá Lúsíà, olórí àwọn ìyá nínú ìjọ wa, sì wọ ọ́ pẹ̀lú, ó ní kò bójú mu kí ọkùnrin méjì lọ kí obìnrin láìmú obìnrin dání.

A wọ ọkọ̀ gbaka láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ewé ọ̀pẹ òyìnbó gún aparáńtì tó ń gba owó ọkọ̀ lójúgun, ó sì ṣépè fún wa ní èdè Jula títí a fi sọ̀kalẹ̀. A bá ààrẹ àwọn adájọ́ nídìí kọfí ní òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìwé tó fi ń fún àwọn fíìmù ní máàkì wà níwájú rẹ̀. Èmi ò rí ìwé, ènìyàn ni mo rí. Ìyá Lúsíà kúnlẹ̀. Mátíásì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orúnkún rẹ̀ sì kọ̀ láti dìde, àfìgbà tí àwọn agbáwo méjì gbé e. Mo to ọ̀pẹ òyìnbó sórí tábìlì, wọ́n bo ìwé mọ́lẹ̀. Ìyá Lúsíà wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó sì fi Faransé gbà á kí àlejò wa lè ṣe àmín: kí Olúwa bùkún ọwọ́ tó di bírò mú, kó jẹ́ kó kọ ohun tí yóò mú ayọ̀ wá. Ẹnìkan ní tábìlì kejì gbé fóònù sókè, ó yà wá. Èmi rẹ́rìn-ín sí i.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí Ṣadé fi pè mí.

"Pépé," bó ṣe máa ń pe bàbá àgbà rẹ̀ lédè Faransé, "níbo lẹ lọ láàárọ̀ yìí?"

"Mo lọ kí ẹni tó kí mi."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́fà péré."

Ohùn rẹ̀ yí padà. "Pépé, ils vont nous enlever. Wọ́n máa yọ wá. Wọ́n ní a fẹ́ ra jury."

Mo ní adájọ́ wo lọ̀pẹ òyìnbó lè rà. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá fẹ́sítífààlì pe àwa mẹ́ta pẹ̀lú Ṣadé sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọ náà jókòó bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò, kò wojú mi.

Ọ̀gá bi mí pé, "Ẹ gbé ẹ̀bùn fún adájọ́ kó tó dájọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé ó wo fíìmù wa, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Àdúrà fún ọwọ́ tó di bírò mú ńkọ́?"

Ìyá Lúsíà dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́, mo lè gbà á fún ọwọ́ tiyín náà."

Ó yẹ kí n panu mọ́ níbẹ̀. Ìwé òfin ni mo kà ní yunifásítì, ẹ rántí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí kan náà ló fún mi láyè níwájú lọ́jọ́rú kí ojú mi lè ríran dáadáa, mi ò sì tíì dúpẹ́. Mo na ọwọ́ sínú àpò tí mo gbé wá, mo yọ ọ̀pẹ òyìnbó kan jáde, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Ṣadé fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Mátíásì rọra sọ fún mi ní Yorùbá pé, "O ti pa ọmọ."

Ibẹ̀ la wà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Séydou ni, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Yopougon tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé fíìmù rẹ̀ ni yóò borí tiwa. Ó ti rí fọ́tò wa lórí fóònù.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ajé lẹ fi fíìmù tèmi hàn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, vieux père, bàbá àgbàlagbà yìí, dé ilé wa pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn mẹ́ta àti sàdíìnì. Ó ní fíìmù mi pa òun lẹ́rìn-ín, òun wá dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi tó bí mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó júwe ilé wa fún un. Tó bá jẹ́ pé ó ń ra ipò kìíní, kí ló fẹ́ rà lọ́dọ̀ mi?"

Òótọ́ ni, mo ti gbàgbé pátápátá. Ọ̀gá wo búrẹ́dì tí kò sí níbẹ̀, ó wo ọ̀pẹ òyìnbó tó wà níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ààrẹ ò ní dá sí ọ̀rọ̀ fíìmù wa mọ́, àwọn adájọ́ mẹ́rin tó kù ni yóò dá a, kí n sì lọ gba ẹ̀bùn mi padà. Mẹ́fà ni mo ti gbé lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, márùn-ún ni wọ́n dá padà. Mi ò bèèrè ìkẹfà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Wọ́n pe Séydou fún ẹ̀bùn tí àwọn òǹwòran fi ìbò yàn, a pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ wa fi gbóná. Ó wá kan ẹ̀bùn fíìmù kúkúrú. Wọ́n dárúkọ Ṣadé. Àwọn adájọ́ mẹ́rin, ohùn kan ṣoṣo. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n sì tún fi àwa márùn-ún hàn lórí aṣọ funfun náà, ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún nínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní dàgbà láé. Ṣadé fà mí gun orí pèpéle. Ó sọ sí mi létí pé, "Pépé, ẹ má dúpẹ́ jù." Mo ní "ẹ ṣé" lẹ́ẹ̀kan, mo sì pa ẹnu mi dé, ohun tó le jù tí mo ṣe lọ́dún yẹn nìyẹn. Ìyá rẹ̀ sunkún láti ibi tó jókòó sí. Lọ́jọ́ Ajé, kò dárúkọ ọ́fíìsì rárá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju báyìí lọ: ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ má jẹ́ kó sú yín, ṣùgbọ́n bó bá ṣì mú bírò dání, ẹ jẹ́ kó kọ èsì tán ná. Mo ń kọ èyí, mo ń dá nìkan rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí mo lè pè kó bá mi rẹ́rìn-ín bí a ṣe ń ṣe é látijọ́. Rẹmí tó ni kámẹ́rà kú sí Lyon. Gaston tó máa ń ṣe olè tẹ̀ lé e. Táíwò, tó já sómi lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí pé a ò tíì yà á dáadáa, sùn sí Àjàṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Mátíásì wà láàyè, orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ràn. Èmi náà wà.