Lẹ́tà Tí Adétóun Fi Wá Ilé

Ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Parkchester, níbi tí ife tíì ti ń gbọ̀n nígbàkígbà tí ọkọ̀ ojú irin 6 bá kọjá lókè, Adétóun nọ́ọ̀sì jókòó ti Kànmí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a wá ilé rà. Co-op ni ilé tó wù ú: èèyàn á wá owó rẹ̀ pé tán, ìgbìmọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á tún jókòó wádìí ìwà rẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ ọmọ wọn. Lẹ́tà ìwà ni wọ́n ní kó mú wá. Tó bá fi di aago márùn-ún tí wọn ò rí i, wọ́n á pe ẹlòmíràn.

Aago mẹ́ta ti lù.

Adétóun tẹ́ lẹ́tà méjì sórí tábìlì. Lójú tirẹ̀, kò tíì sí ẹni tí wọ́n yìn tó báyìí láìtíì kú.

Kànmí ka àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Àǹtí, pásítọ̀ yín ní ilẹ̀kùn yín kì í tì."

"Òótọ́ ló sọ. Èèyàn mẹ́rìnlá ló ti Nàìjíríà dé bá mi, kò sí èyí tó sùn síta."

Kànmí ṣàlàyé pé òfin ilé náà kò gba àlejò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Adétóun béèrè bóyá wọ́n ka ìyá ẹni mọ́ àlejò. Kànmí ní ìyá gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe òfin.

"Ó tún ní tí ẹ bá dìde àdúrà ní ìdájí, odindi ilé ló ń ṣe àmín."

"Pásítọ̀ mà gbìyànjú o."

Lẹ́tà kejì ti ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Oyèlárán wá, olórí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ. Ó kọ ọ́ pé bí Adétóun bá gbé ọbẹ̀ kaná nísàlẹ̀, ẹni tó wà ní àjà kẹfà á ti fọ ọwọ́ rẹ̀. Kànmí dojú ìwé náà bolẹ̀. Ó ní ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò gbóhùn rẹ̀.

"Ọkọ̀ ojú irin tó ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ńkọ́? Ta ló bá a kọ lẹ́tà?"

"Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, mà."

"Kànmí, èèyàn ni wọ́n ń wá, àbí òkú?"

"Òkú ò lè rí i gbà, mà. Àlejò òkú pọ̀ jù."

Adétóun ronú títí. Ó wá rántí Justin, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ níbi tó ń háyà, ọkùnrin kan tí kì í yọ ẹ̀rọ orin létí. Ó gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ilé, ó pe Justin, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó kọ lẹ́tà fún òun. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago márùn-ún lù kí èsì tó wọlé. Kànmí kà á sókè:

"Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti obìnrin yìí ti jọ kọjú síra. Títí tó fi pè mí lónìí, mo rò pé òfìfo ni ilé rẹ̀."

Kànmí fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Aago mẹ́fà kò tíì lù tí ìgbìmọ̀ fi fèsì: wọ́n ti gbà á, wọn ò tíì rí irú ẹni rere bẹ́ẹ̀ rí.

Adétóun ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń wo lẹ́tà náà.

"Kànmí, àràárọ̀ ni mò ń kí ọkùnrin yìí. Mo máa ń béèrè ìyá rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má jẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbọ́."