Ọ̀nà Eku Tí Oyèlẹ́yẹ Kò Kà Kún

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Ọ̀nà tí a kò kà kún ni eku ń gbà kó irúgbìn lọ"? Ẹ fi ẹ̀pà yẹn sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ gbọ́.

Àdùfẹ́ ni ọ̀rọ̀ eku kọ́kọ́ sú. Gbogbo àgbàdo irúgbìn tó kù nílé wọn, òkè ààrò ló so ó mọ́, kí èéfín máa fẹ́ sí i lára, kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Àkọ́rọ̀ òjò ti ń ṣú. Bí irúgbìn yẹn bá lọ, ebi ni wọn yóò kórè. Àsìkò yẹn gan-an ni èkúté àjèjì kan wọlé, tó ń yẹ ilé wò bí ẹni tó fẹ́ gba yàrá.

"Bàbá Ìgè, ẹ dẹ ẹ̀bìtì."

Oyèlẹ́yẹ ọkọ rẹ̀ mi orí. "A kì í dẹ ẹ̀bìtì láìmọ ọ̀nà eku. Jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ ẹ̀ ná."

Òótọ́ ló sọ, gbogbo adẹ́bìtì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á dẹ ẹ̀bìtì, ó parí. Oyèlẹ́yẹ ní tiẹ̀ ku eérú sí gbogbo ilẹ̀. Láràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ń fi èédú fa ìlà sára ògiri: ibí ló gbà, ibí ló ti dúró gbóòórùn, ibí ló ti yí padà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, kó má ba ẹsẹ̀ eku jẹ́.

"Ẹ dẹ ẹ̀bìtì o!"

"Kò tíì dá mi lójú."

Nígbà tí eérú tán, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí: ó bu èlùbọ́ dà sílẹ̀. Èlùbọ́! Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹsẹ̀ eku ti kún ilé bí ẹsẹ̀ èrò ọjà.

"Ìyàwó mi, wá wò ó! Ìmọ̀ ń pọ̀ sí i!"

"Eku ló ń pọ̀ sí i. Ẹ se àsè, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pe ẹbí."

Oyèlẹ́yẹ ò gbọ́. "Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ń gbà, wọn á sì gun òpó lọ sókè ààrò. Kò sí èyí tó ń gba àárín ilé."

Àdùfẹ́ nàka sí ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ kan láàárín yàrá. "Èyí ńkọ́?"

"Ẹyọ kan péré? N ò ka ìyẹn kún."

Ló bá já irúgbìn sílẹ̀ lókè ààrò, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín ilé, ó wá to ẹ̀bìtì yí gbogbo ògiri ká. Àdùfẹ́ pariwo títí ohùn ẹ̀ fi há.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Àwọn ará àdúgbò ti ń gbé ọkọ́ lọ sóko. Láàárín ilé Oyèlẹ́yẹ, ṣùkù àgbàdo òfìfo ló kù. Ó figbe ta, ó sáré lọ síbẹ̀, òkúta ẹ̀bìtì kan sì já lé e lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀bìtì yẹn, òun nìkan ni wọ́n rí mú.

Àdùfẹ́ bá gbé igbá, ó forí lé ilé ìyá rẹ̀ láti lọ tọrọ irúgbìn.

"Kí ló ṣe tiyín?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Ṣé ẹ ò rí ọ̀nà tí eku ń gbà ni?"

"A rí i, ìyá mi. A tiẹ̀ yà á sára ògiri. Àmọ́ ọ̀nà tí a kò kà kún ni eku ń gbà kó irúgbìn lọ."