Èdè Tí Àlàgbà Fi Ìgbàgbọ́ Gbà

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Àlàgbà Adédìran dìde nínú ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ní Barking, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti fún òun ní èdè Irish, òun yóò sì fi gba àna òun lálejò. Kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kan. Lónìí ni ìyá àfẹ́sọ́nà Tiwaladé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti Galway, ní ilẹ̀ Ireland. Sístà Rosemary, tó gbé Dublin lọ́dún méjìlá, tó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá Irish níbẹ̀, ló jókòó tì í láti kọ́ ọ ní pálọ̀ ilé Àlàgbà, lẹ́yìn sitéṣàn Dagenham East.

"Ẹ tún un sọ, sà. Tá sé déanta agam."

"Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Mo ti ṣe é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni pé, ó wà ní ṣíṣe lọ́dọ̀ mi."

Àlàgbà wo abẹ́ àga. "N ò rí nǹkan kan lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan ni, sà."

"Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ńkọ́?"

"Tá mé tar éis ithe. Mo wà lẹ́yìn jíjẹun."

"Ta ló wá wà níwájú?"

"Àlàgbà!"

"Má bínú. Èwo ni wọ́n ń lò fún ohun téèyàn ti fi ìgbàgbọ́ gbà, tí ò tíì dé?"

Sístà Rosemary pa ìwé dé. "N ò rí ìyẹn nínú ìwé àwọn ọmọ mi o."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá ń jẹ́rìí? Orúnkún mi yìí, ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti jẹ́rìí pé ó ti san."

"Ó sì ti san?"

"Gbogbo ìjọ ló gbọ́. Orúnkún nìkan ni ò gbọ́."

Àlàgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́. Nígbà mìíràn, lórí àdúrà, ó máa ń bi ara rẹ̀ bóyá Ọlọ́run lòun gbà gbọ́, àbí ariwo halelúyà.

"Ẹ sọ òótọ́ fún ìyá náà, sà."

"Tiwaladé ti fi fídíò ẹ̀rí mi ránṣẹ́ sí i! Ìyá náà sunkún. Ó ní ogún ọdún tóun ti ń wá sí London, ẹnìkan ò fi èdè òun kí òun rí. Tí mo bá dójú tì í, ọmọ mi ni mo dójú tì."

"Ẹ fi èdè ẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà náà. Tá bréag inste agam. Mo ti parọ́."

"Irọ́ kan wà ní pípa lọ́dọ̀ mi?"

"Ó ti yé yín!"

"Ìyẹn ò le. Òun ló wà lọ́dọ̀ mi lóòótọ́." Ó wúkọ́. "Tá bréag inste agam."

Sístà Rosemary fò dìde. "Yéè! Bí ọmọ Galway gan-an!"

Ojú Àlàgbà tàn. "Mo ti gbọ́ Irish nìyẹn! Ẹ̀rí mi kì í ṣe irọ́ mọ́!"

"Gbólóhùn kan péré ni, sà. Òun náà sì ni pé ẹ parọ́."

Aago ẹnu ọ̀nà dún.

"Mo gbé! Kí ni wọ́n ń pe ẹ káàbọ̀?"

"Fáilte, sà! Fáilte!"

Àlàgbà tiro dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn. Ìyá arúgbó kan dúró síbẹ̀, ó di òdòdó mú, etí rẹ̀ ń retí. Fáilte ti fò lọ. Àlàgbà na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ súre:

"Tá bréag inste agam!"

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọn, ó sì tú Irish sílẹ̀ bí òjò. Àlàgbà ń mi orí sí gbogbo ẹ̀. Ó rọra yíjú sẹ́yìn.

"Sístà, kí ló ń wí?"

"Ó ní, irọ́ wo?"

"Ní kó wọlé wá jókòó. Orúnkún la ó ti bẹ̀rẹ̀."